Beryl Pocock, Olùṣọ́ Òjé

Ẹni tó bá fẹ́ wo ṣọ́ọ̀ṣì Nether Hadbury, tàbí àká àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn Beryl Pocock ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Cyril ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Cyril kú, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, Beryl náà kò kúrò nílé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọdún kẹsàn-án rèé. Kó tó di opó, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dáná fún àwọn ọmọ iléèwé abúlé wa, ó sì mọ ọmọ tó ti gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan tó tún fẹ́ tò sórí ìlà. Ẹ kò lè fi irọ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn, ohun tí òun náà rò nípa ara rẹ̀ nìyẹn.

Àfi ìgbà tó di oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ọkùnrin méjì gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé ní ọ̀sán gangan, wọ́n wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n ní àlùfáà ló rán àwọn wá tún ojú àgbàrá òrùlé ṣe. Beryl ṣí géètì fún wọn. Ó po tíì, ó gé kéèkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ àkàbà ó ní kí wọ́n rọra o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n juwọ́ sí i, òun náà juwọ́ padà. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e lòjò rọ̀ sórí àwọn akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ìdajì òjé, irin rírọ̀ olówó gọbọi tó bo òrùlé ẹ̀gbẹ́ àríwá, ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ.

Olè jí òjé ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n olè tí wọ́n fún ní kéèkì, a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ilé ìtajà. Àwọn adójútòfò san owó, wọ́n ní ó tán, àwọn ò ní san mìíràn láéláé. Ni ìgbìmọ̀ ìjọ bá pinnu pé kí wọ́n ṣí gbogbo òjé tó kù kí olè tó padà wá, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kan páànù irin sórí òrùlé. Wọ́n fi iṣẹ́ náà sí Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní. Ó yé kálukú pé bí òjé náà bá ti lọ ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò ní sí irin, kò ní sí òrùlé, bíṣọ́ọ̀bù yóò sì ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa. Alága ìgbìmọ̀ wá kọjú sí Beryl lójú gbogbo èèyàn.

“Ìyáàfin Pocock, a ò dá yín lẹ́bi o. Ṣùgbọ́n bí òjé tó tó àtẹ́lẹwọ́ bá tún dín níbẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ajé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ó dá kọ́kọ́rọ́ padà.”

Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti rì Beryl bọmi, ibẹ̀ ló ti ṣègbéyàwó, ẹ̀yìn ògiri ibẹ̀ ni Cyril sùn sí. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ìdajì lójú rẹ̀. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ti Beryl ju ti alákàn lọ. Ọkọ̀ tí kò bá mọ̀ kò ní kọjá kó má yọ orí lójú fèrèsé. Ó ti lé àwọn tó wá yẹ tẹlifóònù wò. Ó ti lé obìnrin kan tó wá ta kàlẹ́ńdà láti fi rówó fún àwọn afọ́jú, èyí sì dùn ún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò pè é padà.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Yìnyín ti ń bọ́ láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bo ojú ọ̀nà, ó bo ibojì, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí akólẹ́tà. Beryl ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lójú fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ kan rọra yọ ní kọ̀rọ̀. Ọkọ̀ funfun ni, irú èyí tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn. Ó kọjá níwájú ilé rẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn àká, níbi tí ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò ti lè rí i.

“Ẹ wá wò ó,” ni Beryl wí fún ọbẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi dún. Ọkùnrin tó tó ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ló dúró síta, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà onírun bo etí rẹ̀, ó fi báàgì kan há abíyá.

“Ẹ káàsán, mà. Raymond Hobley lorúkọ mi. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni, mà.”

Beryl mọ̀ dáadáa. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé náà. “Nínú yìnyín yìí lẹ wá wo ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn èèyàn a máa wá nígbà tí oòrùn bá ń ràn.”

“N ò lè dúró dìgbà yẹn, mà. Mo rí i nínú ìwé ìròyìn pé Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ ṣí òjé òrùlé.”

Ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, ọkọ̀ funfun, báàgì lábẹ́ abíyá, òun náà ló wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe òjé. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ó wo ojú ọkùnrin náà bóyá yóò sọ nǹkan kan sí i. Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé, ó wo bàtà rẹ̀. Bá a ṣe rí ní ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Èèyàn lè sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lẹ́nu ọ̀nà àjòjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún nínú, yóò gbé e padà sílé bó ṣe gbé e wá.

“Àká lẹ ó kọ́kọ́ wò,” ni Beryl wí. “Èmi náà ń bọ̀. Ẹ má ṣe lọ láìsí mi.”

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò Cyril, ó mú kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́, ó sì ju ti ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àtẹ̀gùn òrùlé wà, sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé jí i lẹ́yìn òun. Bí wọ́n ṣe kọjá lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó yọ bíírò, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà rí i. Etí rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe òtútù nìkan ló fà á.

Ilẹ̀kùn àká ga débi pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ru ọkà gègèrè lè wọlé láìtẹ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Yìnyín ti gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ara ògiri wọlé, ó tò sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí ẹnì kan gbàgbé láti gbá. Àwọn òpó igi ńlá dúró ní méjì-méjì lọ dé ìpẹ̀kun. Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn ìgbàanì ń kó ìdámẹ́wàá ọkà àwọn baba ńlá wa sí, bàbá Beryl sì ṣì máa ń so ẹṣin mọ́ òpó kẹta nígbà tí Beryl wà lọ́mọdé. Ó sábà máa ń sọ èyí fún àlejò. Lọ́jọ́ yẹn kò sọ ọ́.

Raymond Hobley gbé ojú sókè. “Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo eléyìí,” ló wí. “Kì í ṣe òjé.”

“Ẹ mọ òrùlé gan-an o. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Mo ti fẹ̀yìn tì, mà. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, ní Swindon.”

“Ọkọ̀ òde yẹn kì í ṣe bọ́ọ̀sì.”

“Ti àna mi ni. Mọ́tò tèmi ò lè rìn nínú yìnyín.”

“Kí ló wà nínú báàgì?”

Ó di báàgì náà mú. “Búrọ́ọ̀ṣì, mà. Àti bébà.”

“Kí lẹ fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá?”

“Yìnyín.”

“Yìnyín ibo?”

Ohùn ọkùnrin náà lọ sílẹ̀. “Ṣé ọ̀nà wà láti gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, mà? Ẹ̀gbẹ́ àríwá ni mo fẹ́ dé. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.”

Ẹ̀gbẹ́ àríwá! Ibi tí àwọn olè ọjọ́sí ti kó ìdajì òjé lọ! Beryl na ọrùn. “Kọ́kọ́rọ́ ilé agogo ti sọnù,” ló wí. Irọ́ gbáà ni. Kọ́kọ́rọ́ náà wúwo bí òòlù, ó sì ń lù ú nítan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà wo àpò épírọ́ọ̀nù, ó wo ojú rẹ̀. “Ó dáa, mà,” ló wí. “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi àká hàn mí.” Ó yí padà, ó jáde.

Beryl ti àká, ó padà sílé, ó dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá, kò gbọ́ ìró ọkọ̀. Ó gbé tẹlifóònù.

“Ken, wọ́n ti dé.”

Ken Lovegrove ni aládùúgbò rẹ̀, òun ló ń ro oko ẹ̀yìnkùlé tó sì máa ń gbá ewé kúrò lójú àgbàrá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. “Àwọn wo ló dé?” ló béèrè. “Àwọn tó ń ta kàlẹ́ńdà?”

“Má bá mi ṣeré, Ken. Mo ti ní fún un pé kọ́kọ́rọ́ ilé agogo sọnù. Gbé ṣọ́bìrì dání.”

Ken dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, sálúbàtà inú ilé sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà òjò. Ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yí ilé agogo ká, ó kọrí sí àríwá, kò sì padà.

“Ẹsẹ̀ ẹnì kan ni,” ni Ken wí. “Olè wo ló ń dá òjé gbé? Ọ̀kan nínú abala rẹ̀ á ṣẹ́ ẹ léegun ẹ̀yìn.”

“Ó ń wo ibi tí wọ́n máa gbà ni. Àwọn tó kù ń bọ̀ lálẹ́.”

Wọ́n yọ ní igun ògiri. Raymond Hobley dúró lórí ibojì olókùúta ńlá kan, ó na ìka ẹsẹ̀, ó di etí òrùlé mú, ó ń gbìyànjú láti yọjú.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí Ọ̀gbẹ́ni Wapshott!” ni Beryl ké.

Ọkùnrin náà ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì jókòó pàà sínú yìnyín. Báàgì rẹ̀ ṣí. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ kan jáde, bíi ti ẹni tó ń kun fèrèsé, pẹ̀lú bébà tí wọ́n ká, àti ṣọ́ọ̀kì dúdú tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń yàwòrán. Ken wo ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀, ojú tì í, ó fi í gún ilẹ̀ bí ọ̀pá.

“Mo ti pe ọlọ́pàá,” ni Beryl wí, irọ́ kejì nìyẹn láàárín wákàtí kan. “Ẹ tètè sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe.”

Bóyá nítorí pé ó ti ṣubú lójú wọn ni, bóyá nítorí pé kò sí ojú tó kù fún un láti bò mọ́, Raymond jókòó síbẹ̀ ó sọ ọ́. Bàbá òun ni. Leonard Hobley, ẹni tó ń fi òjé bo òrùlé. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tún apá kan òrùlé yìí bò lọ́dún 1953. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó bá obìnrin mìíràn lọ sí Kánádà, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ìyá òun jó gbogbo fọ́tò rẹ̀. Títí ìyá náà fi kú, ohun kan ló ń sọ: “Bàbá ẹ ò gbé ẹ rí, kódà lọ́jọ́ kan.”

“Mo gbà á gbọ́,” ni Raymond wí. “Ọgọ́ta ọdún lé ni mo fi gbà á gbọ́. Ìgbà tó di oṣù kejìlá, níbi ìsìnkú kan, bàbá arúgbó kan pè mí. Ó ní òun bá bàbá mi ṣiṣẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tíṣẹ́ ibí yìí parí, bàbá mi gbé mi gun òrùlé, pé ó fi ìṣó fa ìlà yí bàtà tiẹ̀ po sára òjé, ó sì yí tèmi po sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. N ò rántí. Mo kàn fẹ́ wò ó, kí n sì yà á sórí bébà, kí wọ́n tó yọ́ ọ ni.”

Ken ti ń mi orí. “Àwọn bàtà! Wọ́n pọ̀ lókè yẹn. Gbogbo àwọn tó bo òrùlé yẹn ló fi bàtà wọn síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọdún. Àṣà wọn ni.”

“O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?” ni Beryl bi í.

“O ò béèrè, Beryl. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi ń ṣọ́ nǹkan tí o ò gùn wò rí.”

Òótọ́ ni, ó sì dun Beryl. Kò tíì gbà á gbọ́ pátápátá. Ìtàn dídùn ni àwọn ti oṣù kẹwàá náà sọ. Ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin tó jókòó sínú yìnyín yìí tí kò tilẹ̀ gbọn ara rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé agogo jáde.

“Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù mà ti di rírí,” ni Ken wí. “Iṣẹ́ ìyanu.”

“Pa ẹnu ẹ dé.”

Àtẹ̀gùn òkúta ilé agogo há, ó sì ń yí po. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Beryl, eékún rẹ̀ kò dára, Ken ní kó dúró nísàlẹ̀. Ó ní òun kò ní fi àjòjì sílẹ̀ lórí òjé òun. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí wọ́n fi dé ilẹ̀kùn kékeré tó já sórí òrùlé àríwá. Yìnyín bo ibẹ̀ dé kókósẹ̀. Tapólì bo ìdajì tó wà lókè ọ̀hún, níbi tí olè ti ṣí i.

Raymond kúnlẹ̀, ó ń gbá. Òjé yọ ní àwọ̀ eérú, lóòótọ́ ni bàtà sì wà lára rẹ̀. Bàtà onímú ṣóńṣó kan, 1811. Bàtà méjì tó dojú kọra, 1887. Ó ń gbá lọ, Ken sì ń fi ìbọ̀wọ́ ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti sún mọ́ etí tapólì pẹ́kípẹ́kí kí Raymond tó dáwọ́ dúró.

Bàtà ńlá ni, gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. L. HOBLEY 1953 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀bẹ àwọn olè ti gba kọjá. Etí ibẹ̀ rí gánnágànná. Lára etí yẹn gan-an, gìgísẹ̀ kékeré kan wà, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Gìgísẹ̀ náà ló kù. Ìyókù ẹsẹ̀ náà, àti orúkọ tó bá wà nínú rẹ̀, ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ.

Beryl fi ọwọ́ di ògiri mú. “Èmi ni mo ṣí géètì fún wọn,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Mo po tíì fún wọn. Mo dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n rọra.”

Raymond kò gbójú sókè. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà gìgísẹ̀ náà, ó dé ibi tó gé, ó padà. “Ó lè jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Kò sí orúkọ. Ó lè jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ mìíràn.”

Nínú gbogbo abúlé wa, kò sí ẹni tó fura tó Beryl Pocock lọ́dún náà. Bí ẹnì kan bá máa sọ pé ẹ̀rí náà kò tó, òun ni ì bá jẹ́. Ó wo bàtà ńlá, ó wo gìgísẹ̀ kékeré tó fara tì í. Ó wo bí ilẹ̀ ṣe jìn sísàlẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Hobley,” ló wí, “ta ló ń gbé ọmọ ẹlòmíràn gun irú ibí yìí?”

Ọkùnrin náà fi ìbọ̀wọ́ bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ken kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo àká bí ẹni tí kò rí i rí.

“Ken,” ni Beryl wí, “sísọ́ọ̀sì tó o fi ń gé páànù ńkọ́? Lọ mú un wá.”

“Beryl. Alága ní tó bá tó àtẹ́lẹwọ́—”

“Mo gbọ́ ohun tí alága sọ. Lọ mú un wá.”

Òun fúnra rẹ̀ ló di òjé náà mú nígbà tí Ken ń gé e. Bàtà ńlá àti gìgísẹ̀ wà papọ̀, ó fẹ̀ tó àwo ńlá tí wọ́n fi ń gbé ẹran àsè, ó sì wúwo. Raymond gbé e sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, kò gbé e sẹ́yìn. Ó gbé e sórí ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì fi bẹ́líìtì dè é.

“A ó sọ pé olè tún wá,” ni Ken wí nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán. “Ta ló máa mọ̀?”

Beryl dáhùn pé irọ́ méjì ti tó òun fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ ṣí òjé, wọ́n rí ihò tí wọ́n gé pẹ̀lú sùúrù, wọ́n sì pe alága. Ìgbìmọ̀ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alága kò tíì parí ìbéèrè rẹ̀ tí Beryl fi dìde, ó ní òun lòun jí i, kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ta ló gbé e fún, kò sọ. Alága bi í pé ṣé ó kábàámọ̀ ṣá.

“Rárá o,” ni Beryl wí. “Ohun tó dùn mí ni pé n ò tètè ṣílẹ̀kùn fún un.”

Ó gbé gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì rìn lọ sílé.